Irin tí Màmá Mi Fi Ń Léfòó

Nínú yàrá wa ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn Ọjà Ọba, irin kan wà tí a máa ń sá aṣọ lé nígbà òjò. Ó gùn, ó nípọn bí apá ọkùnrin, ó sì tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, débi pé àlejò tó bá rí i á kọ́kọ́ rò pé wẹ́dà tó jó o pọ̀ ti mutí yó. Bí àlejò bá béèrè, bàbá mi á ní àlòkù ọkọ̀ ni, pé òun kò tíì ráyè ra okùn ìsáṣọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Ìró màmá mi, yẹ̀rì ẹ̀, yunifọ́ọ̀mù tèmi, gbogbo wọn ló máa ń kán omi láti orí irin yẹn sínú báàfù rọ́bà tí a gbé sábẹ́ ẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí omi ń kán sínú báàfù, inú mi máa ń bàjẹ́ kí n tó rántí ìdí ẹ̀. Irin yẹn ni màmá mi máa ń dùbúlẹ̀ lé níwájú èrò, tí àwọn èrò á sì máa pariwo pé obìnrin kan ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Mo ń pe ìyá mi ní "ó", kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Àlejò àti àna ni à ń fi "ẹ" kí.

Onídán ni bàbá mi. Kì í ṣe èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ gún ahọ́n ní ìdíkọ̀, ti orí sítéèjì ni, pẹ̀lú kóòtù dúdú gígùn àti ìbọ̀wọ́ funfun. Purofẹ́sọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwé Mọ́dà ló kà mọ, ó sì máa ń dáhùn bí ẹni pé yunifásítì ló fi oyè náà ta á lọ́rẹ. Ilé-ìwé àti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé iṣẹ́ lọ, a máa ń dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, a máa ń dé Ìdànrè, a sì máa ń dé Oǹdó tí í ṣe ìlú màmá mi. Láàárọ̀, ẹ̀rọ àwọn télọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dún lágbàlá wa, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn náà ohùn bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé, tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn èrò tí kò sí níbẹ̀. Màmá mi á ti po ògì, á bu àkàrà lé e fún mi, òun fúnra ẹ̀ kò ní fẹnu kan nǹkan kan. Ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í jẹun títí a ó fi padà sílé, nítorí ikùn tó bá yó máa ń ga lábẹ́ aṣọ. Bí mo bá ní kó bù díẹ̀ sẹ́nu, á ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Mo máa ń fi àkàrà tirẹ̀ kún tèmi, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé iṣẹ́ wà.

Ọmọ mi ọkùnrin fi fóònù hàn mí lóṣù tó kọjá bí àwọn onídán ṣe ń mú ènìyàn léfòó. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wà, ní Alágbàká, ó fi fídíò náà ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Màmá, wá wo ìrẹ́jẹ." Mo wò ó títí ó fi parí. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀ láti kékeré. A máa ń ta kọ́tìnì dúdú sẹ́yìn sítéèjì, a ó ya ojú kékeré sí i lára níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fura, irin ọlọ́rùn pẹ́pẹ́yẹ náà á gba ojú yẹn yọ síwájú, á sì gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, èyí tí aṣọ àrán bò mọ́lẹ̀. Lórí pátákó náà ni màmá mi á dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnì, ìdí irin wà lórí jáàkì lọ́rì, Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, àbúrò bàbá mi, á sì máa yí jáàkì díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi á dúró gan-an níbi tí irin ti yọ, á fi kóòtù bò ó, á na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń fi agbára fà á gòkè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi gíríìsì ra jáàkì kó má ké, kí n sì tan kásẹ́ẹ̀tì inú rédíò sókè tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí èrò má baà gbọ́ ọ bó bá tún ké. Lẹ́yìn ìyẹn ni òrùka ńlá, tí a lẹ bébà aláwọ̀ wúrà mọ́. Bàbá mi á fi òrùka náà bọ màmá mi láti ẹsẹ̀, á fà á dé orí, òrùka á há sínú kọ̀rọ̀ irin lẹ́yìn. Á tún yí i padà, á gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kejì yẹn ló ń tú ohun tí ti àkọ́kọ́ ti so. Èrò á rí i pé òrùka kọjá lára ẹ̀ láìkan nǹkan kan. Nígbà yẹn ni ariwo máa ń sọ.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí màmá mi jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọkọ ló fi tipátipá gbé e sórí irin. Ilé olùkọ́ ni wọ́n bí i sí ní Oǹdó. Bàbá ẹ̀ kọ́ ọmọ aráyé níwèé títí ó fi kú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin di katikíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ni ìwé kò wọ orí ẹ̀ rárá. Wọ́n pè é ní olódo tí ọ̀rọ̀ náà fi di orúkọ àpèlé. Ó kọ́ iṣẹ́ irun, kò yọrí. Ó wá fẹ́ onídán, ojú tún ti gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n lórí irin yẹn, ó kúrò ní olódo. Àwọn obìnrin àgbàlá wa ní Àkúrẹ́ máa ń gbé ọmọ tí kò tètè rìn wá bá a pé kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, nítorí ẹni tí ilẹ̀ kò lè dá dúró, ṣé kò ní mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ni? Á gbé ọmọ náà lé itan, á fi òróró ra ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá wá rìn, ariwo á tún gba àgbàlá. Bàbá mi kò fẹ́ràn àṣà yẹn, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá mi á ní, "Mo sọ̀rọ̀ ni? Ẹsẹ̀ ọmọ ni mo ra." Mo rò ó wò báyìí, mo sì gbà pé inú ẹ̀ dùn ní ọdún wọ̀nyẹn ju bí inú mi ti dùn rí láyé mi lọ.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó pè wá. A ti ṣeré ní Oǹdó rí, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màmá mi yóò léfòó lójú àwọn tí wọ́n bí i. Ìyá ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó, jókòó níwájú pátápátá, Katikíìsì jókòó tì í, ó ká apá gbera bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́. Mo tan kásẹ́ẹ̀tì. Màmá mi gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ojú Màmá Oǹdó ń bá a gòkè, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Òrùka kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo gbọ̀ngàn náà dìde dúró, mo sì rí Katikíìsì tó tú apá ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjì tó ti ń kùn láti ìrọ̀lẹ́ ká páànù kúrò lórí gbọ̀ngàn náà. Jẹnẹrétọ̀ kú, òkùnkùn ṣú, òjò dà lé wa lórí. Àwọn èrò ń ti ara wọn jáde, àwọn ọmọ ń ké, ẹnìkan ló gbé Màmá Oǹdó lẹ́yìn jáde síta. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé yí jáàkì wálẹ̀ nínú òkùnkùn, bàbá mi gbé màmá mi kúrò lórí pátákó, a sì kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ nínú òjò. Màmá mi kò tilẹ̀ bìkítà pé ara òun tutù. Gbogbo ọ̀nà ló ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo rí ojú Màmá, ṣé mo rí ojú Katikíìsì. Kò sí ẹni tó ronú kan ohun tí àwọn èrò kò rí.

Àìsàn màmá mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kì í sì í ṣe òjò ló fà á. Mo ti béèrè lọ́wọ́ dókítà nígbà tí mo dàgbà, kíndìnrín ni, ó ti wà lára ẹ̀ tipẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ wú, ara ẹ̀ yòókù wá ń rù. Ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa wá fún ìtọ́jú déédéé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí Màmá Oǹdó tó dé bá wa lójijì, tó di aṣọ ọmọ ẹ̀ sínú àpò, tó sì gbé e lọ. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé ìtọ́jú wà ní Àkúrẹ́. Màmá Oǹdó ní òun mọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun. Ilé wa wá ṣófo. Bàbá mi máa ń gún iyán, á ṣu kókó, a ó jókòó ti ọbẹ̀, a ó máa ṣa kókó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin àgbàlá máa ń bi mí pé ìgbà wo ni ìyá mi ń bọ̀, mo sì máa ń ní kò ní pẹ́ dé. N kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ènìyàn lè wà láàyè kí ilé sì ti máa ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé gbà wá láyè, bàbá mi mú mi lọ sí Oǹdó kí a lọ mú un wálé. Ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò sè àti ọbẹ̀ marúgbó ni Màmá Oǹdó gbé síwájú wa, kò sì jẹ́ kí bàbá mi parí oúnjẹ kí ó tó pe Katikíìsì. Katikíìsì mú àwọn àgbà ilé méjì mìíràn dání. Ó gbàdúrà kúkúrú, ó wá ní:

"Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní, àna wa. Gbogbo wa la rí ọmọ yìí tó gòkè. Ta ló rí i tó wálẹ̀ nínú wa?"

Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ẹ jọ̀wọ́, òun náà ló wà nínú yàrá yẹn."

"Ara ẹ̀ ló wà nínú yàrá," Katikíìsì dáhùn. "Láti ọjọ́ tí o ti gbé e sókè, kò jẹun, kò sùn, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kí lo fi sílẹ̀ lókè?"

"Òjò ló dé. Bẹ́ẹ̀ la sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú òkùnkùn."

Màmá Oǹdó kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tó bá gbé e gòkè ni kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú wa. Ọma mi ni. N ò ní jẹ́ kó kúrò nílé yìí láàbọ̀. Bí o bá ti ṣe é tán, máa gbé e lọ sí ọsibítù tó bá wù ọ́."

A wọlé lọ bá màmá mi. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó rù débi pé òrùka ìgbéyàwó ẹ̀ ni ó fi òwú wé kó má baà já bọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ mọ́ kedere. "Bàbá Ṣadé, lọ gbé irin wá," ó ní. "N ó dùbúlẹ̀ lé e díẹ̀, o ó sọ̀ mí kalẹ̀ lójú wọn, a ó sì máa lọ sílé."

"Pẹ̀lú ara rẹ yìí? Ó lè pa ọ́."

"Kó pa mí. Ṣùgbọ́n má ṣí aṣọ lójú irin yẹn níwájú Katikíìsì. Mo bẹ̀ ọ́. Ohun gbogbo tí mo ní nílé yìí nìyẹn."

Bàbá mi di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi mí sílẹ̀ tì í, ó lọ sí Àkúrẹ́, lọ́jọ́ kejì ó padà dé pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, irin àti jáàkì lórí takisí. Bí màmá mi ti gbọ́ tí irin kan ilẹ̀ lágbàlá, ó ní kí n gbé òun jókòó. Ó ní kí n ya irun òun. Ó ní kí n fi pàúdà sí ojú òun, pàápàá ibi tó wú, kí n sì wo inú àpò, aṣọ àrán pupa tí òun fi ń ṣeré wà níbẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Ó ti tóbi jù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ti gbà kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Rédíò dà? N ò gbọ́ rédíò."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ìta. Kò sí kọ́tìnì, kò sí rédíò. Irin wà níhòòhò láàárín àgbàlá lórí jáàkì, pátákó wà lórí ẹ̀, bàbá mi sì wà tì í láìwọ kóòtù, ó ń fi ọwọ́ hàn wọ́n bí òrùka ṣe ń rìn. Ohùn ẹ̀ wúwo. Ó ní, "Ẹ wò ó. Irin ni. Òun fúnra ẹ̀ kò gòkè rí. Irin ló gbé e, ẹnìkan ló ń yí i láti ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó kù lókè." Katikíìsì tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ pátákó, ó fi ìka kan gíríìsì, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó dìde, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, ẹ̀rín ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, ṣùgbọ́n màmá mi gbọ́ ọ. Ó wà lẹ́yìn mi lórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ àrán ẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu pàúdà kúrò lójú.

Màmá Oǹdó kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí irin náà po, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu pátákó. "Orí èyí ni ọma mi ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kì í pẹ́ níbẹ̀."

"Gbé mi lé e."

Àwọn àgbà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, Katikíìsì di apá ẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n dànù. Arúgbó ni nígbà náà, ó sì sanra díẹ̀. Ó tú gèlè, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Kúnlé yí i sókè gan-an bó ṣe máa ń yí i fún ọmọ òun. Jáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn mi, ohùn tó lọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo bá ń kọ́ nǹkan tuntun: "Màmá, má fi ẹnu mí. Imú ni kó o fi mí, díẹ̀díẹ̀. Fi ẹ̀yìn rẹ sílẹ̀ kó rọ̀, má bá irin jà. Má wo ilẹ̀." Màmá Oǹdó gbọ́ ọ, nítorí ó pa ẹnu dé, ó sì gbójú sókè. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ di etí pátákó mú, kò mì rárá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní láti gbé e dìde. Ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó wo bàbá mi, ó ní, "Ó le," ó sì wọlé lọ láti di ẹrù ọmọ ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni a gbé màmá mi wá sí Àkúrẹ́.

Bàbá mi rí ohun tó fẹ́. Ó mú ìyàwó ẹ̀ wálé, ó sì mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣe é bí wọ́n ti lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ irin ti ṣáájú wa dé Àkúrẹ́, ẹnu kì í jìnnà láàárín ìlú méjèèjì, àwọn obìnrin àgbàlá sì ń kí màmá mi dáadáa, wọ́n ń gbé ọbẹ̀ wá fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gbé ọmọ lé e nítan. Ó máa ń dá bàbá mi lóhùn tó bá bi í pé ṣé omi ni tàbí oògùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mi ò sọ pé òun ṣe é dáadáa, kò sì sọ pé òun kábàámọ̀. N kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe bó bá jẹ́ èmi, mo sì ti rò ó títí. Ọyẹ́ ń kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ nígbà tó kú, Oǹdó la gbé e lọ sin, Katikíìsì ló ka ìwé lójú ibojì.

Ohun tó kẹ́yìn tó bi mí nìyí. Ọ̀sán ni, àwọn télọ̀ ń ránṣọ lábẹ́ fèrèsé wa, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, mo rò pé ó ti sùn lọ.

"Ṣadé, ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n gbé Màmá sókè, ṣé ó mì?"

Mo ní ó mì. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, pé apá ẹ̀ ń gbọ̀n, pé Bọ̀ọ̀dá Kúnlé ní láti sáré wá dì í mú kó má baà jábọ́.

Ó di abẹ̀bẹ̀ mú dúró. "Irin kan náà ni, àbí?"

"Irin kan náà ni."

"Èmi kì í mì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, o kì í mì.